Ọjọ́ Orí Kóòtù

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jókòó sídìí táípúráítà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mẹ́rìnlá nínú rẹ̀, èmi àti Susannah la jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Tábìlì tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó so wá pọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì tètè mọ̀. Ọ̀gá kan tí kò mọ èmi, tí kò mọ òun, ló ní kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀rẹ́.

Ẹ ò ní bá mi wí bí ẹ bá mọ irú àwọn tó kù. Opó ni mí. Frederick ọkọ mi kú ní 1966, ó fi ọmọ mẹ́ta sí mi lọ́rùn, àbíkẹ́yìn wọn, Olúyọmí, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Mo ti kọ́ṣẹ́ táípúráítà kí n tó lọ́kọ, ìdí rẹ̀ náà ni mo sì padà sí. Gilbert ni akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì wa. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti gbó. Bí mo bá ń tẹ̀wé tí ariwo rẹ̀ ń lọ sókè, á ní, "Ìyá Yọmí, ẹ rọra o, táípúráítà yẹn kọ́ ló pa ọkọ yín." Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, n ó fi ọ̀ràn sínú pète ẹ̀rín, bí mo bá délé n ó wá sunkún.

Susannah kò tíì lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa nígbà tí Gilbert tún sọ ọ́. Ó gbójú sókè, kò pariwo, ó ní, "Gilbert, bí bàbá rẹ bá kú lọ́la, ta ni kí a sọ pé ó pa á?" Gilbert kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ọdún mẹ́rìnlá dúpẹ́ rẹ̀.

Abọ́ kan náà la fi ń rẹ gààrí ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Nígbà tí ìka rẹ̀ wú, èmi ni mo tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tèmi fún oṣù méjì, ọ̀gá wa kò sì gbọ́. Ó mọ gbogbo àṣírí ilé mi. Mo rò pé mo mọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mọ́ṣádé, tó ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Matilda, ìgbà wo ni Susannah yìí kẹ́yìn wá sílé rẹ?"

Mo ní, "Kí ló fẹ́ wá ṣe nílé? Ṣebí ojoojúmọ́ la ń ríra."

"Ìjọba ló ń jẹ́ kí ẹ ríra," ni Mọ́ṣádé wí.

Inú bí mi sí i. N kò dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fún yín, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn, ọjọ́ orí méjì ni ọ̀pọ̀ wa ní. Ọ̀kan wà fún ilé, èkejì wà fún ìjọba. Nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́ ní 1967, wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Mo ti pé mẹ́tàdínlógójì. Mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ sí kóòtù, ó búra pé ọdún 1935 ni wọ́n bí mi, akọ̀wé kóòtù lu òǹtẹ̀ sí i, ọdún márùn-ún sì fò lórí mi bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ṣe é? Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé tí kò sí bàbá, ẹ ò sì ní sọ pé kí n fi òótọ́ bọ́ wọn. Susannah náà ṣe tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún mẹ́fà lòun yọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú kì í gbé ọjọ́ orí kóòtù wọ inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Láti ayé àwọn baba ńlá wa, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, wọ́n á gba orúkọ lọ́dọ̀ Ọba, orúkọ náà ni wọn ó jẹ́ títí wọn ó fi kú. Èèyàn lè parọ́ fún adájọ́. Kò lè parọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ṣeré òṣùpá. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa tún ara wọn kó jọ ní 1981, àwa ọmọ 1929 sí 1931, ọjọ́ orí tí ìyá mi bí mi sí ni mo gbé wọlé. Susannah, ọmọ Ìbẹ̀fun tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Òde, ní òun náà fẹ́ wọlé, kí n bá òun sọ ọ́. Èmi ni mo dúró fún un níwájú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ wa ni, mo sì fi orúkọ ara mi ṣe ẹ̀rí.

Ọdún 1984 dé. Ìjọba ológun tó gbàjọba ní àwọn fẹ́ fọ ilé mọ́. Nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́tà kan ti Abẹ́òkúta wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí a máa ń buwọ́ lù láàárọ̀. Ẹni tó bá ti yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, kó wá jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n rán wá kí oṣù náà tó parí. Wọn á tún un kọ, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí tí yóò fi pé ọgọ́ta ọdún gan-an. Ẹni tí wọ́n bá fúnra wọn mú, lílé ni, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ṣì kù fún mi bí mo bá jẹ́wọ́. Yọmí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kejì ní yunifásítì, owó oṣù mi ló ń gbé e lọ, kò sí ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ti lọ́kọ, àwọn ọkọ wọn kò sì ní lọ́wọ́. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé kò ju pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ sídìí táípúráítà yẹn títí tí ọmọ náà yóò fi jáde.

Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. N kò fẹ́ lọ láìsọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ Ajé kan ni, mo pè é sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, mo ní, "Ìyá Bùsọ́lá, jẹ́ kí a jọ lọ bá wọn."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Yọmí, pàkúté ni wọ́n dẹ yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni wọ́n á fi kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Ta ló máa sọ fún wọn? Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ò wọ ọ́fíìsì. Bí o bá sì lọ, o ti fà mí lọ nìyẹn, torí wọ́n á bi ọ́ pé ta lo tún mọ̀. Jẹ́ kí àwa méjèèjì panu mọ́."

Mo ronú kan Bùsọ́lá ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kẹrin girama. Mo ní ó dáa. A bọ ara wa lọ́wọ́, a padà sídìí iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gilbert gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá. Ó ti di bàbá ọmọ nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ kò sì yí padà. Ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Ìyá Yọmí, ẹ ò tíì lọ kí àwọn àlejò Abẹ́òkúta? Ọjọ́ ń lọ o. Àwọn kan ti lọ ná, wọ́n sì ti padà dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tàbí ẹ̀yin ò tíì pinnu èyí tí ẹ máa jẹ́, ọmọdé tàbí àgbà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ ọ́ fún Susannah. Ó ní, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Gilbert ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ti sọ sẹ́yìn. Òótọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ní ọ́fíìsì lọ́dún yẹn, ẹnu ẹlẹ́yà ló gbà jáde, n kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbà mí là ni tàbí ó kàn fẹ́ fi mí ṣeré.

Ọjọ́ ìkẹyìn oṣù náà bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ń pè mí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sí yàrá ọ̀gá wa: alága wọn, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó ti Abẹ́òkúta wá, akọ̀wé rẹ̀, àti sójà kan tó gbé fìlà rẹ̀ sórí tábìlì, tí kò sọ̀rọ̀ títí mo fi jáde. Bíbélì àti Kùránì wà níwájú wọn. Alága ní kí n jókòó. Ó mú fọ́tò kan, ó fi síwájú mi.

Ẹgbẹ́ wa ni. Ọjọ́ tí a ṣe ìpàdé ọdún nílé aṣáájú wa ní Pòrógun ni wọ́n yà á. Aṣọ funfun kan wà lẹ́yìn wa, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí wa sábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà gadagba, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé ìjọba máa kà á. Èmi wà ní iwájú, mo jókòó. Susannah dúró sẹ́yìn mi, ó fọwọ́ lé mi léjìká, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Gilbert ló ṣe mí léyìí. Mo ti rí bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

"Ta nìyí, Ìyá?" ni alága bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Ọdún tí wọ́n kọ sára aṣọ yẹn ńkọ́?"

Mo rántí Yọmí. Mo rí i bó ṣe gbé àpótí rẹ̀ lérí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Ọdún 1930 ni wọ́n bí mi. Kóòtù ni mo ti yọ márùn-ún. Ẹ dákun, ẹ bá mi tún un kọ."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọjọ́ ìkẹyìn lẹ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́wọ́." Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo fẹ́ dìde. Ó ní, "Ó ku ìbéèrè kan. Ta ni obìnrin tó fọwọ́ lé yín léjìká yìí?"

Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi ni, sà. Ìbẹ̀fun ló ń gbé. Òwò ló ń ṣe." Ó jáde lẹ́nu mi geere.

"Ẹ tún un wò dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà."

"Kò sí ẹni tó jọ ọ́ ní ọ́fíìsì yín?"

"Kò sí, sà."

"Ṣé ẹ lè búra sí i?"

Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo búra. Sójà yẹn wo ojú fèrèsé.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ṣí fáìlì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Èmi, Susannah Adébóyè, jẹ́wọ́ pé ọjọ́ orí tí mo mú wọṣẹ́ kì í ṣe tòótọ́." Ó kà á lọ díẹ̀, ó wá dé ibi tèmi. "Ọ̀rẹ́ mi Matilda, tí tábìlì wa jọ wà, ṣe irú rẹ̀. Mo gbà á níyànjú kó wá, ó kọ̀. Mo fi fọ́tò ẹgbẹ́ wa mọ́ ìwé yìí fún ẹ̀rí." Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kejì tí a bọ ara wa lọ́wọ́ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo mọ ìwé náà. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló ń tẹ̀, ó ní lẹ́tà sí ilé-ìwé Bùsọ́lá ni. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti gbó, èmi ni mo yọ tuntun fún un nínú tèmi.

"Ìyá," ni alága wí, "kí ẹ tó wọlé la ti mọ ẹni tó jẹ́. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìjẹ́wọ́ yín pé ni. Èyí tí irọ́ bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹ sì tún ti búra." Inú rẹ̀ kò dùn, mo rí i. Ó ní, "Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín gan-an?"

Mo ní, "Tábìlì wa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sà."

Nígbà tí mo jáde, Susannah wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fọ́tò dé orí Bíbélì, n kò bo ọ̀kankan. Mo ń dúró kó bú sẹ́kún. Ìbínú ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀.

"Ta ló ní kí o parọ́ fún mi? Ṣé mo rán ọ ni?"

"Ìwọ lo ní kí á panu mọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn ti ń wò wá. "Mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní bí o bá lọ kí n tó lọ ńkọ́? Mo sáré kí o má baà ṣáájú mi. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí mo ní nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé ìwọ náà á lọ, o kàn ò ní sọ fún mi ni. Kò sẹ́ni tí kò ní lọ, Ìyá Yọmí. Ìwọ nìkan ni."

Gilbert tẹ orí ba fáìlì, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi burú dé nìyẹn.

Ìwé lílé mi dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará ọ́fíìsì ní pẹ̀lẹ́, wọ́n fún mi ní káàdì kan tí gbogbo wọn buwọ́ lù, orúkọ Susannah ló wà lókè pátápátá. Kí oṣù náà tó parí wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Kúbúrátù, sídìí tábìlì mi, mo sì gbọ́ pé òun àti Susannah ti jọ ń rẹ gààrí. N kò lọ kìlọ̀ fún un. Kí ni n bá sọ? Kó má bá wọn jẹun? Kó má bá wọn rẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì, wàhálà tirẹ̀ tún yàtọ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé aago mẹ́rin ń bọ̀, àti pé oníkálukú ní ilé tó ń lọ. Èmi ni n kò mọ̀. Mo gbé ọ́fíìsì ìjọba lọ sí àyà mi, mo fi ṣe ẹbí.

Yọmí wá sílé kó tó di pé yunifásítì wọlé. Mo ti sọ fún un pé wọ́n lé mi, n kò sọ bó ṣe jẹ́. Mọ́ṣádé ló sọ ìyókù fún un. Ó jókòó tì mí níwájú ilé, ọ̀sán gangan ni, ó ní, "Màmá, bí ẹ bá dárúkọ obìnrin yẹn, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà tí wọ́n bi yín, ṣé ẹ rántí mi?"

N bá parọ́ fún un. Mo ti ṣe é fún ẹni tí kò tó o. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. "Mo rántí rẹ nígbà tí wọ́n bi mí ní tèmi. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa rẹ̀, rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ kò wá sí mi lọ́kàn."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó dìde, ó wọlé lọ kó àwọn ìwé rẹ̀ jáde nínú àpótí.

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé báyìí. Ó ní bí òun bá ti rí nǹkan kó jọ, òun á padà sí yunifásítì. Ọdún kẹta rèé. Ó máa ń wá kí mi ní Sátidé, á dọ̀bálẹ̀, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á tún ibi tó ń jò lórí òrùlé ṣe. Ọmọ dáadáa ni. Kò bínú sí mi rí lójú mi. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bó bá dé, gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi. Ní báyìí, bí mo bá bi í pé báwo ni nǹkan, á ní dáadáa ni, Màmá, á wá gbé àkàbà, á gun òkè.